Igi Tíìkì Tó Ní N Kò Kí Òun

Bísí, jókòó kí n rọ́ àlá tí mo lá mọ́jú òní fún ẹ. Mo wà nínú ọgbà igbó tí iná ọ̀gbẹlẹ̀ jó, níbi tí mo ti ń ya fọ́tò láràárọ̀ láti ìgbà tí ewé ti ń rú padà. Ilẹ̀ ṣì dúdú. Mo gbé kámẹ́rà sókè, ni igi tíìkì kan bá ní, "Dúró ná." Kò yà mí lẹ́nu. Igbó ti di pálọ̀. Igi náà fa àga oníke kan jáde, ó jókòó, ó gbọ́wọ́ lé orúnkún. Wọ́n fi báńdéèjì wé ẹ̀ka rẹ̀ kan.

Ó ní, "O ti yà mí títí. O ò kí mi."

Mo ní, "Ẹ káàárọ̀, sà."

"Ìyẹn kọ́."

Mo kí i kú ọdún, mo kí i kú ìnáwó. Ó kàn ń mi orí. Bí mo ṣe jí nìyẹn.

N kò mọ ìtumọ̀ ẹ̀. Mo kàn yẹ kámẹ́rà wò, igi nìkan ló wà níbẹ̀. Ìgbà náà ni mo rántí bàbá tó ń ṣọ́ géètì ọgbà náà. Òun ló fi ewé tútù lu iná yẹn pa, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú báńdéèjì. Àràárọ̀ ni mo máa ń ní kó jọ̀ọ́, kó sún kúrò níwájú kámẹ́rà mi.

Mò ń lọ síbẹ̀ báyìí, n kò gbé kámẹ́rà. Bísí, ṣé èèyàn ṣì lè sọ pé "ẹ kú ewu iná" lẹ́yìn oṣù mẹ́ta?