Má Tú U, Máa Tú U

Ọkọ mi ló ń pọ́n ayùn fún gbogbo káfíńtà àdúgbò wa, iṣẹ́ náà sì mọ́ ọn lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Abẹfẹ́lẹ́. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àti ilé ìdáná mi. Mo ti fi ìbínú gbọ́ ẹ̀rọ tó fi ń pọ́n ayùn títí tí mo fi mọ ohùn rẹ̀ ju ohùn àbúrò mi lọ.

Láìpẹ́ yìí, ayùn tó bá ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ jáde bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú léyín. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, káfíńtà tí ohùn rẹ̀ ń ti ìsàlẹ̀ ikùn jáde, gbé tirẹ̀ padà wá.

"Abẹfẹ́lẹ́, ayùn yìí kì í gé igi mọ́, ńṣe ló ń yan án. Tún un ṣe fún mi lẹ́ẹ̀kan sí i. Bó bá tún rí bẹ́ẹ̀, má bínú, màá gbé e lọ síbòmíràn."

"O ò jẹ̀bi," ni ọkọ mi wí.

Èmi tí mo ti ń pè é wá jẹun látàárọ̀ ńkọ́? Ó gbọ́ ti Káfíńtà, ó kọ etí ikún sí tèmi. Mo gbé oúnjẹ lọ bá a tìbínú-tìbínú. Kò fọwọ́ kàn án.

"Ìyá wọn, bí òkúta ìpọ́n ara ẹ̀rọ yìí ò bá ṣe é tún ṣe, mo máa palẹ̀ ẹ̀rọ yìí mọ́. Ó jọ pé ọwọ́ mi ti bàjẹ́."

Ẹ̀rù bà mí. Abẹfẹ́lẹ́ tí kò pọ́n nǹkan mọ́, kí ni yóò máa ṣe nínú ilé?

Ìyẹ̀fun dáyámọ́ǹdì ni wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ òkúta tó fi ń pọ́n ayùn. Ojú rẹ̀ ti ń dán bí àwo, kò sì ṣe roboto dáadáa mọ́. Mo bi í pé kí ló le ju dáyámọ́ǹdì lọ tó fẹ́ fi pọ́n ọn, nítorí ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

"Ta ló fẹ́ pọ́n dáyámọ́ǹdì? Gọ́ọ̀mù tó bò ó mọ́lẹ̀ ni mo fẹ́ ha kúrò, kó lè yọrí síta. Òkúta ìpọ́nbẹ lásán á ṣe é. Mo kàn nílò ohun tó máa yí i, tó sì máa dì í mú díẹ̀."

Nígbà tó yá, ó ké láti ẹ̀yìn ilé pé, "Ìyá wọn, kẹ̀kẹ́ rẹ tó wà níbí, ṣé kí n tú u?"

Mo dáhùn láti ilé ìdáná pé, "Ẹ má tú u."

Nígbà tí mo jáde, kẹ̀kẹ́ mi ti di egungun. Ó ti yọ họ́ọ̀bù àárín táyà iwájú rẹ̀, ó ti de òkúta ìpọ́nbẹ mọ́ ọn, ó sì fi bíréèkì kẹ̀kẹ́ náà há a kó má baà yí fàlàlà.

"Bàbá wọn, mo ní ẹ má tú u."

"O ní kí n máa tú u."

"Ẹ má."

"Ẹ máa. Ohun tí mo gbọ́ nìyẹn."

Kò sí ẹ̀tàn lójú rẹ̀. Ó kọ̀yìn sí mi, ó ń di nọ́ọ̀tù. Mo pè é, kò mira. Mo wá rẹ ohùn sílẹ̀ bíi ti Káfíńtà: "Abẹfẹ́lẹ́."

Ó yíjú kíá. "Kí ló dé tí ò ń sọ̀rọ̀ bí ọkùnrin?"

Ẹ̀rín pa mí, àánú sì ṣe mí. "Bàbá wọn, ìgbà wo lẹ gbọ́ ohùn ẹyẹ gbẹ̀yìn?"

Ó ronú díẹ̀. "Ṣebí àwọn ẹyẹ ti kó kúrò ládùúgbò yìí."

Wọ́n wà lórí òrùlé wa bó ṣe ń sọ ọ́, wọ́n ń pariwo. Ọwọ́ rẹ̀ kò bàjẹ́ rárá; etí rẹ̀ ni kò gbọ́ ohùn tó bá tín-ín-rín mọ́. Òkúta ìpọ́n a máa han tó bá fẹ́ jó ayùn, èmi tí kò kàn ni mo sì ń gbọ́ ọ.

Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó na awò ojú tó fi ń ṣiṣẹ́ kan sí mi, ó ní kí n wá dúró ti òun.

Ó tan ẹ̀rọ, ó ń kán omi sí i, ó sì rọra sún òkúta kẹ̀kẹ́ mọ́ òkúta dáyámọ́ǹdì. Mo gbọ́wọ́ lé e léjìká. Ohun tí mo gbọ́ ni mo ń fi ìka lù síbẹ̀ fún un: tà, tà, tà, nítorí ibi tó yọ gọnbu nìkan ni wọ́n ti ń kanra. Àwọn ìró náà ń sún mọ́ra wọn, títí gbogbo rẹ̀ fi di ṣìììì kan ṣoṣo. Mo tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi pẹrẹsẹ sí èjìká rẹ̀. Ó fà á sẹ́yìn, ó paná ẹ̀rọ. Ojú òkúta náà ti pàdánù dídán, ó rí ṣákiṣàki bó ṣe yẹ.

Báyìí náà la ṣe pọ́n ayùn Káfíńtà. Tí òkúta bá fẹ́ han, mo lu èjìká, ó dẹ ọwọ́.

Káfíńtà fi ayùn náà la pákó kan lójú wa. Kò rú èéfín, ojú ibi tó gé sì funfun.

"Ọwọ́ rẹ ti padà bọ̀ sípò," ló wí.

Ọkọ mi ì bá dákẹ́, iyì rẹ̀ ì bá sì pé. "Ọwọ́ mi ò lọ síbì kankan," ó ní. "Etí mi ló lọ. Ìyàwó mi ló ń gbọ́ ẹ̀rọ fún mi."

Káfíńtà wò ó, ó wò mí. Lẹ́yìn náà, èmi ló kọjú sí.

"Ìyàwó wa, àwọn ayùn mìíràn ṣì wà nílé mi. Ìgbà wo lẹ máa ráyè?"

Mo kọjú sí ọkọ mi kó lè rí ẹnu mi dáadáa, mo ní kí Káfíńtà kó wọn wá lọ́la.