Oko Tí A Tún Ṣe De Àlejò

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kà á sókè ní Igbesa. Bàbá Ògúndèjì ti lọ, ilẹ̀ ti bò wọ́n, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wọn wà láyé, wọn ò sì tíì sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ilẹ̀ náà ṣe. Ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ débẹ̀. Ìkejì ni pé, bí wọ́n bá ní àlejò olówó ń bọ̀ wá wo oko yín, ẹ fi oko náà sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ilẹ̀ Bàbá ni gbogbo abúlé wa fi ń dáko, lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ kan tó ń yọ́ irin. Onírin yìí fẹ́ ra ilẹ̀ ọ̀hún. Bàbá ní àwọn ò ní tà á, bí abúlé bá lè fi í ṣe nǹkan gidi. Èmi, láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú, ibẹ̀ ni mo ti ń jẹun. Mi ò ní ibòmíì.

Nùrẹ́nì, ọmọ abúlé wa tó ń ta páàtì mọ́tò ní Ṣàngó, ló bá wa rí àwọn kan l'Ékòó tó ń fowó ran oko abúlé lọ́wọ́. Wọ́n máa gbẹ́ kànga fún wa, wọ́n á ṣe ọgbà yí oko ká kí màlúù má wọ̀ ọ́. Àdéhùn wọn ni pé kò sí oògùn apakoríko, kò sí ajílẹ̀ inú àpò, a ò sì gbọdọ̀ finá sun igbó. Ká gbin igi sáàárín oúnjẹ, kí ewé máa já bọ́, kó máa jẹrà, kó máa bọ́ ilẹ̀.

A gbin agunmániyè, igi tí ewé rẹ̀ ń bọ́ ilẹ̀, a gbin àgbálùmọ̀, a gbin kókò àti ata sábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀. A gé koríko, a fi bo ìdí ata. Ó ṣiṣẹ́. Mo fọwọ́ kan ilẹ̀, ó tutù, ekòló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ká má parọ́, ó jọ igbó. Àwọn ọlọ́kadà tó ń kọjá a máa bi wá pé ejò mélòó la kórè lọ́dún yìí. Àwa obìnrin á rẹ́rìn-ín. Bàbá kì í rẹ́rìn-ín. Nígbà èwe tiwọn, ẹni tí koríko bá kún oko rẹ̀, wọn kì í fún un níyàwó.

Ọjọ́ Ajé ni àlejò máa ti Èkó dé wá wo oko. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú, àwọn ọkùnrin lọ kírun, mo lọ já ewé kókò. Mo bá Bàbá láàárín oko. Wọ́n gbé spréyà oògùn apakoríko kọ́ ẹ̀yìn, wọ́n fi gèlè ìyàwó wọn bo imú. Wọ́n rí mi.

“Ìyá Bàrákàt, àlejò kì í bá èèyàn nínú ìdọ̀tí. Koríko nìkan ni mò ń fọ́n ọn sí. Wọ́n á rí i pé àgbẹ̀ ni wá.”

Mo kí wọn kú iṣẹ́. Kí ni mo tún fẹ́ sọ? Àwọn ló nilẹ̀.

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ajé, koríko ti pọ́n bí ẹni pé iná rà á. Ewé agunmániyè kéékèèké ti kákò, ata ti dorí kodò. Ọmọbìnrin tí wọ́n rán wá ń jẹ́ Ànúolúwapọ̀. Ó wọ bàtà òjò. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó já ewé kan, ó gbóòórùn rẹ̀. Kó tó sọ̀rọ̀, Sùlè, tí oko rẹ̀ bá tèmi pààlà, ti sọ pé èéfín ilé-iṣẹ́ ni. Gbogbo ará abúlé tó wà níbẹ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá jókòó lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n dé fìlà funfun.

“Ẹ̀yin àgbà, mi ò bá tìjà wá,” Ànúolúwapọ̀ ní. “Bí ẹnì kan bá ṣe àṣìṣe, ilẹ̀ á sinmi, a óò tún padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ irọ́ lẹ pa fún wa, ó parí nìyẹn.” Ó yíjú sí mi. “Mà, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ń tọ́jú ibí yìí. Ṣé èéfín ni?”

Mo wo Bàbá. Bí mo bá dárúkọ wọn, ojú á tì wọ́n níwájú ọmọdé, wọ́n á ta ilẹ̀ fún onírin. Bí mo bá ní èéfín ni, owó lọ, wọ́n á tà á náà ni. Mo rò pé àyà mi máa já. Kò já. Ó kàn dà bí ẹsẹ̀ tí èèyàn jókòó lé pẹ́.

“Kì í ṣe èéfín,” mo ní. “Oògùn ni.”

“Ta ló fọ́n ọn, mà?”

“Oògùn ni.”

Ẹnì kan lẹ́yìn mi ní ẹnu opó kò ní ìlẹ̀kùn. Ànúolúwapọ̀ ní ó tó, a ò parọ́, àwọn á padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Ó wọ mọ́tò rẹ̀ lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá wá sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná mi. Wọ́n gbé spréyà náà kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò omi. Wọ́n ní kí n wá ibì kan fi í sí, ojú àwọn ò fẹ́ rí i mọ́. Mò ń yan gàrí. Wọn ò lọ.

“Kí ló dé tó ò dárúkọ mi?”

Mò ń ro gàrí.

“O rí mi. Mo bá ẹ sọ̀rọ̀. Ṣé torí ilẹ̀ ni, àbí torí tèmi?”

Iná ń kú lọ. Mo ti igi kan sí i.

“Bàbá, ẹ jókòó, ẹ jẹ gàrí gbígbóná,” mo ní. “Ohun tẹ́ ẹ bi mí yẹn, mi ò ní sọ ọ́.”