Òdòdó Aláró Nínú Ebè Kazue

Ní ìlú Tonami, àgbẹ̀ túlíìpù kì í jẹ́ kí òdòdó rẹ̀ pẹ́ lórí igi. Bó bá ti là, yóò ṣẹ́ ẹ lórí ni, kí agbára rẹ̀ lè padà sínú iṣu rẹ̀ tó rí bí àlùbọ́sà nínú ilẹ̀, nítorí iṣu ni wọ́n ń tà, wọn kì í ta ẹwà. Ọdún méjìléláàádọ́ta ni Isaburo fi ṣe iṣẹ́ yìí pẹ̀lú ìyàwó nílé.

Ebè kan ṣoṣo ni ọwọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ kàn, ebè Kazue ìyàwó rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Níbẹ̀ ni Kazue ti máa ń gbin túlíìpù pupa àti aláwọ̀ ìyeyè sáàárín òdòdó kéékèèké aláwọ̀ aró àti elése-àlùkò. Kazue a máa ní, "Pupa ń pariwo, aró ló ń rọ̀ ọ́ kó jókòó."

Kazue ti kú láti oṣù kẹrin èṣí. Lọ́jọ́ ìsìnkú, Mineko àbúrò rẹ̀ sọ fún Isaburo lójú gbogbo ẹbí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ebè yẹn á kú tẹ̀lé e. Ẹ ò lè ṣe é." Isaburo búra pé ní ọjọ́ ìrántí ọdún kan, Mineko yóò fojú rí i bí Kazue ṣe ń ṣe é. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn ín kí yìnyín tó bọ́, ó ń gbàdúrà sórí ihò kọ̀ọ̀kan: "Ẹlẹ́dàá, má jẹ́ kí ojú tì mí."

Ojú kò sì tì í. Ebè náà yọ! Túlíìpù, arẹwà tí í ti yìnyín sẹ́yìn kó tó yọjú, òun àti aró wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tó tẹ́ ẹní sílẹ̀ dè é.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìrántí, ó wọ inú ebè náà láti fa koríko. Ọkàn rẹ̀ bá lọ sí ọjọ́ tí Kazue dé gẹ́gẹ́ bí ìyàwó tuntun, tí ó sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, tí ẹrẹ̀ gbà á ní bàtà, tí àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín títí. Ọwọ́ tó ti mọ iṣẹ́ kì í dúró gbàṣẹ. Kẹ́, kẹ́, kẹ́. Ìgbà tí orí òdòdó kan já lé e lẹ́sẹ̀ ni ojú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Kò ku pupa kan, kò ku aláwọ̀ ìyeyè kan. Aró àti àlùkò nìkan ló dúró bí ẹni ń ṣọ̀fọ̀.

Ó jókòó sílẹ̀. Ibẹ̀ ni Mineko bá a, tòun ti ìrẹsì ẹlẹ́ja tó fi ewé oparun wé.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàárọ̀ o. Ẹ jókòó sílẹ̀ bí ọ̀pọ̀lọ́... Hàà! Ta ló bẹ́ wọn lórí?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin kẹ̀?"

"Ọwọ́ mi ni. Èmi ò sí nílé."

Mineko bú sẹ́rìn-ín, ó rín in títí omijé fi bọ́.

"Mo ba ebè ẹ̀gbọ́n rẹ jẹ́ lónìí olónìí, ò ń rẹ́rìn-ín?"

"Ẹ̀yin ọkùnrin yìí! Ẹ ò mọ bí ebè yìí ṣe bẹ̀rẹ̀, àbí?"

"Ṣebí ó fẹ́ràn òdòdó ni."

"Òdòdó wo? Ọdún tí ẹ gbé e níyàwó, ẹ ń ṣẹ́ orí túlíìpù dànù. Ó kọ lẹ́tà sí mi pé ó ń ṣe òun bíi pé òun ni wọ́n ń dà nù. Ló bá ń ṣa wọ́n, ó ń tò wọ́n sáàárín koríko olódòdó aláró létí ojú omi. Ó ní ìyẹn ni kò jẹ́ kí òun padà sílé bàbá wa."

Isaburo mú orí òdòdó kan nílẹ̀. Ó rántí etí omi yẹn. Ó rò nígbà náà pé àwọn ọmọ àdúgbò ló ń fi orí òdòdó ṣeré níbẹ̀. Ó máa ń fẹsẹ̀ tú u ká kí omi má bàa dí. Ní ọjọ́ kejì, á tún bá a ní títò.

Mineko ti kúnlẹ̀, ó ń ṣa orí òdòdó. "Ẹ bọ́ síbí. Àlùfáà tó máa ṣe ìrántí ń bọ̀ o. Áà, ẹ má tò ó bíi sójà!"

Isaburo gbé pupa kan sáàárín aró, ó ń sọ nǹkan wúyẹ́wúyẹ́.

"Kí lẹ ń sọ?"

"Ẹ̀gbọ́n rẹ ni mò ń bá sọ̀rọ̀."

"Ẹ sọ ọ́ sókè, kó lè gbọ́."

Ó sì sọ ọ́ sókè: "Kazue, èmi ni mo ń tú u ká létí omi. Mi ò mọ̀ pé ìwọ ni."