Irun Ìyá Ọlọ́wọ́ Mẹ́wàá

Tinúkẹ́ ń rán wíìgì lọ́wọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Plumstead High Street nígbà tí obìnrin ará Íńdíà kan já wọlé bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀. Ó mọ obìnrin náà lójú. Mitali ni orúkọ rẹ̀, nọ́ọ̀sì ni. Ó máa ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù náà kọjá bó bá ń lọ síbi iṣẹ́, àwọn méjèèjì a sì juwọ́ síra wọn. Ṣùgbọ́n kò wọlé rí.

"Ẹ gbà mí, sister," ló fi bẹ̀rẹ̀. "Irun ni mò ń wá. Irun dúdú, tó gùn, tó sì pọ̀ dáadáa."

"Ilé irun náà lẹ wọ̀ yìí," ni Tinúkẹ́ dá a lóhùn. "Ẹ jókòó, kí n wọn orí yín."

"Kì í ṣe èmi ni mo fẹ́ lò ó. Ìyá wa ni."

"Ẹ mú wọn wá nígbà náà."

Mitali bú sẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú rẹ̀ fẹ́ẹ̀ máa ṣomi. "Wọn ò lè wá. Amọ̀ ni wọ́n. Ọwọ́ mẹ́wàá ni wọ́n ní, orí kìnnìún ni wọ́n sì dúró sí."

Tinúkẹ́ gbé abẹ́rẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Mitali wá ṣàlàyé. Ère Durga ni, òrìṣà obìnrin tí àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù ilẹ̀ Bengal máa ń ṣọdún fún lọ́dọọdún. Kolkata ni wọ́n ti mọ ọ́n, tí wọ́n sì fi ọkọ̀ ojú omi gbé e wá sí Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí wọ́n ṣí àpótí rẹ̀ ní gbọ̀ngàn tí wọ́n háyà ní Woolwich, wọ́n rí i pé omi ti wọ ibi orí. Ojú kò bàjẹ́, ọwọ́ kankan kò kán, ṣùgbọ́n irun ti jẹrà, ó ń bọ́ ní wìtìwìtì. Ọdún sì ti dé tán.

Phoebe, ọmọ Tinúkẹ́, tó wá ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí yunifásítì kò tíì wọlé, fò sókè lórí àga. "Mummy, o gbọ́dọ̀ ṣe é! Ọwọ́ mẹ́wàá! On a lion! That's mad, I swear."

"Ìwọ, sinmi ná," ni Tinúkẹ́ wí.

Ọkàn rẹ̀ pín sí méjì. Ọ̀kan lára àwọn tó ń gba èèyàn lálejò lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Thamesmead ni òun, òrìṣà ni wọ́n sì ní kó wá ṣe irun fún yìí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ti ń yún un. Ìyàwó ló ti ń ṣe irun fún látọjọ́ tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́, àti ọlọ́jọ́ ìbí, àti àwọn tí àìsàn gba irun lórí wọn. Orí tó ga tó báyìí kò kàn án rí.

"Jésù ni mò ń sìn o," ló sọ fún Mitali.

"Mo mọ̀. Orin yín ni mo máa ń gbọ́ bí mo bá ń kọjá. Kò sẹ́ni tó máa ní kẹ́ ẹ kúnlẹ̀. Ẹ ṣáà wá wò ó ná."

Ni wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀bù, ó di Woolwich.

Nígbà tí Tinúkẹ́ wọ gbọ̀ngàn náà, ṣe ló dúró gbọin. Ère náà ga ju ọkùnrin tó ga lọ. Àwọ̀ rẹ̀ pọ́n bí ọsàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbó. Ojú mẹ́ta ló ní, ìkẹta wà lóòró ní iwájú orí. Ọwọ́ mẹ́wàá náà fẹ̀ yí i ká, kò sì sí èyí tó ṣófo nínú wọn. Lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, kìnnìún ki eyín bọ ara ọkùnrin abàmì kan tó ń jáde láti inú ẹfọ̀n, ọ̀kọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta sì ti wọlé sí i láyà.

"Ta ni wọ́n ń gún lọ́kọ̀ báyìí?" ni Tinúkẹ́ béèrè.

"Ẹ̀mí burúkú ni. Wọ́n ti ṣèlérí fún un tẹ́lẹ̀ pé kò sí ọkùnrin tó lè pa á, ìbáà ṣe òrìṣà. Ó wá lé gbogbo òrìṣà kúrò nílé wọn. Kò ka obìnrin sí, kò tilẹ̀ rántí wọn nígbà tó ń tọrọ."

Phoebe pàtẹ́wọ́. "Àṣìṣe ńlá!"

"Àwọn òrìṣà bá kó agbára wọn jọ, òun ló di obìnrin yìí," ni Mitali ń bá ọ̀rọ̀ lọ, ó ń na ìka sí ọwọ́ ère náà lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ẹ wo ọ̀kọ̀ yẹn, Shiva ló fún un. Vishnu fún un ní kẹ̀kẹ́ ribiti ẹlẹ́nu mímú. Ẹni tó ni omi fún un ní ìkarahun òkun tí wọ́n ń fọn bí ipè, ẹni tó ni òjò fún un ní àrá, ẹni tó ni afẹ́fẹ́ fún un ní ọrun àti ọfà, òkè ńlá sì fún un ní kìnnìún."

"Èyí ńkọ́?" Tinúkẹ́ na ọwọ́ sí òdòdó kan tó jọ òṣíbàtà, tí kò tíì là tán.

"Inú ẹrẹ̀ ló ti ń hù, ẹrẹ̀ kì í sì í lẹ̀ mọ́ ọn. Ogun kò ní kí ọkàn ẹni dọ̀tí ni wọ́n fi ń sọ."

Ìgbà yẹn ni Tinúkẹ́ wo ojú ère náà dáadáa. Gbogbo ọwọ́ ń jà, kìnnìún ń bú, ṣùgbọ́n ojú tutù minimini, bí ojú ìyá tó ń wo ọmọ tó ń sùn. Tinúkẹ́ kò mọ ìgbà tó sọ pé, "Màá ṣe é."

Ó yọ téèpù, ó gun àkàbà, ó wọn orí náà yíká. "Ṣé kí n dì í ní ṣùkú? Á yẹ ẹ́ gan-an."

"Rárá o!" ni Mitali ké. "Irun rẹ̀ gbọ́dọ̀ tú sílẹ̀. Ẹni tó jókòó sílé ló ń di irun. Eléyìí wà lójú ogun."

Tinúkẹ́ yí padà lórí àkàbà. "Ẹ gbọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni nílùú wa! Tóbìnrin bá tú irun sílẹ̀ jáde, kò sẹ́ni tó ń béèrè. Gbogbo àdúgbò ti mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀." Àwọn méjèèjì wo ara wọn, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín.

Ó padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó kó irun jọ, òun àti Phoebe sì kọjú mọ́ rírán. Ó gbàdúrà kó tó ki òwú bọ abẹ́rẹ́, ó ní, "Olúwa, ẹ mọ ọkàn mi. Iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyí." Ìbẹ̀rù ò tún wá sí i lọ́kàn lẹ́yìn ìyẹn. Orin ló ń kọ bó ṣe ń rán.

Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé irun náà lé orí ère, ó dà wálẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó sì bo ọwọ́ tó mú ìkarahun àti ọwọ́ tó mú òdòdó. Mitali fajú ro.

"A ò gbọ́dọ̀ bo ọwọ́ kankan. Tí a bá bo ọ̀kan, ó ti dà bíi pé ẹni tó fún un ní nǹkan yẹn kò sí níbẹ̀."

Tinúkẹ́ ṣí irun náà kúrò lórí ère. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ gbọ̀ngàn, ó tú u palẹ̀, ó sì gé e ní ìpele ìpele. Ó fi díẹ̀ sí iwájú kó lè sùn sórí àyà. Èyí tó pọ̀ jù ló kó sí ẹ̀yìn, kó lè máa gba àárín apá kan sí èkejì wálẹ̀ dé ìdí. Ó tún gbé e gorí. Phoebe na adé sí i, Tinúkẹ́ gbé e dé ère náà lórí, adé náà sì jókòó pẹ́sẹ́.

Lójijì, ariwo sọ nínú gbọ̀ngàn. Gbogbo obìnrin tó wá tún gbọ̀ngàn ṣe fún ọdún ń fi ahọ́n pariwo ayọ̀, "Ulu-ulu-ulu-ulu!" Tinúkẹ́ fẹ́ẹ̀ ṣubú lórí àkàbà. Wọ́n fà á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n dì mọ́ ọn, wọ́n ń pè é ní Didi, èyí tí í ṣe ẹ̀gbọ́n obìnrin ní èdè wọn. Òun náà gbé ohùn sókè, ó ta "Halelúyà!" sí i. Kò sẹ́ni tó bínú.

Ní ọjọ́ tí ọdún parí, Mitali pè wọ́n wá. Àwọn obìnrin tò síwájú ère náà, wọ́n ń fi àdídùn kàn án lẹ́nu, wọ́n ń sọ̀rọ̀ sí i létí, wọ́n sì ń fi àtíkè pupa bí osùn kun ara wọn lójú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sunkún. Wọ́n gbé abọ́ omi síwájú rẹ̀ kí òjìji rẹ̀ lè hàn nínú omi, ìyẹn ni wọ́n fi ń sìn ín lọ.

"Ẹkún kí ni?" ni Tinúkẹ́ béèrè.

"Ilé ọkọ ló ń padà sí. Òkè ńlá tó fún un ní kìnnìún yẹn, òun la kà sí bàbá rẹ̀. Àkókò àjọ̀dún yìí nìkan ló máa ń kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá kí bàbá rẹ̀. A ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má gbàgbé ilé ni."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Tinúkẹ́ lákínyẹmí ara. Bàbá tirẹ̀ wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Orí fóònù ni wọ́n ti ń ríra láti ìgbà tí Phoebe ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n jáde síta nínú oòrùn, ó sì tẹ nọ́ńbà bàbá náà.

"Tinú? Ṣé kò sí o?"

"Kò sí nǹkan kan, Bàámi. Mò ń bọ̀ nílé ní Kérésì. Èmi àti Phoebe."

Bàbá náà gbé fóònù sílẹ̀ láìpa á. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀ lókèèrè, ó ń pe Wọlé, ayálégbé rẹ̀, kíkankíkan: "Wọlé! Wọlé o! Jáde wá! Ọmọ mi ń bọ̀! Ó ń mú ọmọ rẹ̀ bọ̀!" Ìgbà tó padà sídìí fóònù, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Kí ni kí wọ́n sè fún yín? Ṣé ìkọ́kọrẹ́ ni, àbí iyán?"

Phoebe já fóònù gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. "Grandpa, méjèèjì!"