Palaga Ló Kọ́kọ́ Túlẹ̀

Yìnyín kò tíì yọ́ tán lórí òkè nígbà tí Palaga, opó Vasile, so màlúù rẹ̀ méjèèjì mọ́ àjàgà, tó sì tú oko ẹ̀bá ọ̀nà láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Ọjọ́ Ajé ni. Gbogbo abúlé rí i. Bàbá Mihoc pàápàá, tó jẹ́ adájọ́ àṣà wọn, dúró lẹ́bàá ọgbà, ó ní, "Palaga, o ti gbà á lọ́wọ́ àwọn ọkùnrin lọ́dún yìí o!"

Lẹ́bàá odò Mara níbẹ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ túlẹ̀ nígbà ìrúwé ló ni iyì ọdún. Àwọn àpọ́n á ki ọrùn bọ àjàgà bíi màlúù, wọ́n á gbé ẹni náà sórí igi eléyín tí wọ́n fi ń fọ́ ògúlùtu, wọ́n á wọ́ ọ lọ sódò, wọ́n á bomi wẹ̀ ẹ́ kí ọkà lè ṣe dáadáa. Lẹ́yìn náà, ilé rẹ̀ ni gbogbo ayé ti ń jẹun.

Ọjọ́bọ̀ ni Toader, tó ni ibi ìlapákó, ṣẹ̀ṣẹ̀ gun katakata lọ sóko. Síbẹ̀, Toader ni wọ́n dárúkọ fún iyì náà.

Palaga gba ilé Bàbá Mihoc lọ.

"Bàbá, ṣé ojú yín kọ́ ló rí mi ni?"

"Ó rí ọ, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ta ni yóò wọ́ obìnrin lórí igi? Toader sì ti pa ẹlẹ́dẹ̀ méjì sílẹ̀."

"Ṣé ẹlẹ́dẹ̀ ló túlẹ̀ ni?"

Bàbá ki mamaliga, òkèlè àgbàdo wọn, bọnu.

Ẹni tó gbin ọgọ́rùn-ún èbù tó ní igba lòun gbìn, tó bá jẹ ọgọ́rùn-ún iṣu tán, yóò jẹ ọgọ́rùn-ún irọ́. Ẹni tí kò gbin ẹyọ kan wá ńkọ́? Bẹ́ẹ̀ ni Palaga ń wí bó ṣe ń padà lọ sílé.

Lọ́jọ́ àjọ̀dún, wọ́n wọ́ Toader dé odò, ó nà gbalaja bí ọba. Palaga ni wọ́n bá nínú omi, ó ti mù ún dé ìbàdí.

"Jáde níbẹ̀, ìyàwó Vasile! Òtútù á pa ọ́!" Toader ló pariwo.

"Òtútù ọjọ́ Ajé kò pa mí. Ìwọ ńkọ́, níbo lo wà lọ́jọ́ náà? Abẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì!"

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Palaga kọjú sí Mihoc.

"Bàbá, kí omi tó kan ẹnikẹ́ni, àṣà ní kí ẹ bi ìlú pé ta ló kọ́kọ́ túlẹ̀. Ẹ bi wọ́n o."

Bàbá wúkọ́. Ó bi wọ́n kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ilie, àpọ́n tó ń fa igi níwájú, tutọ́ sílẹ̀.

"Palaga ni. Gbogbo wa la rí i." Ó bọ́ àjàgà lọ́rùn. Àwọn yòókù bọ́ tiwọn. Igi yọ̀ sínú ẹrọ̀fọ̀ tòun ti Toader.

"Ẹlẹ́dẹ̀ mi méjèèjì ńkọ́?"

"Dá wọn jẹ!" ni Ilie dá a lóhùn.

Mihoc wọnú odò, ó fi fìlà bomi, ó dà á sórí obìnrin náà.

"Má bínú, ọmọ mi."

"Mò ń bínú," ni Palaga wí, omi ń kán lágbọ̀n rẹ̀. "Màá sì bínú dọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ tún omi bù, Bàbá. Èyí ò tó."