Ọ́ìlì Tó Funfun Bíi Wàrà

Olúwabùnmi fa ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ wá sétí odò, ó tú nọ́ọ̀tì ìdí ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì tó máa ń rì sínú omi. Ọ́ìlì tó jáde funfun bíi wàrà. Ó mọ̀ pé omi ti wọ inú jíà tó ń yí abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì.

"Da tuntun sí i, ká máa lọ," ni Bàbá Àyànbádéjọ, tó ni ẹrù, wí. Apẹ̀rẹ̀ ata mẹ́fà ni wọ́n fẹ́ gbé sọdá odò lọ sí ọjà Ìwó kó tó jẹrà.

"Ẹ má bínú, bàbá. Omi á tún ba tuntun náà jẹ́."

Ó yẹ wáṣà nọ́ọ̀tì náà wò, ìyẹn òrùka pẹlẹbẹ tí kì í jẹ́ kí omi wọlé, ó ti ya. Òun fúnra rẹ̀ ló tún ògbólógbòó wáṣà lò nígbà tó pààrọ̀ ọ́ìlì lọ́jọ́sí. Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run àti lọ́wọ́ bàbá. Nígbà tí ọ́ìlì àtijọ́ ti dà tán, ó tú nọ́ọ̀tì kejì tó wà lókè, ó wá fi pọ́ǹpù kékeré ti ọ́ìlì tuntun gba ihò ìsàlẹ̀ wọlé.

"Ta ló kọ́ ọ pé ìdí ìgò ni wọ́n ń gbà rọ epo?"

"Kí afẹ́fẹ́ lè gba òkè jáde ni, bàbá."

Nígbà tí ọ́ìlì yọ lókè, ó fi nọ́ọ̀tì àti wáṣà tuntun dí ihò méjèèjì, ó gbàdúrà, ó sì wakọ̀ dé àárín odò, ó padà. Ó tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ díẹ̀ láti wò ó. Ọ́ìlì mọ́ gaara.

Bàbá ti ń gbé apẹ̀rẹ̀ àkọ́kọ́ wọnú ọkọ̀.