Ọ̀dà Pupa Lórí Nọ́ọ̀tì

Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì iwájú ọkọ̀ náà, bàbá ní apá òsì, ọmọ ní apá ọ̀tún. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé yóò fi mọ́, ọkọ̀ ti ń pariwo.

Kì í ṣe ariwo ńlá. Bí Àbígbẹ̀yìn bá ń wà á lójú ọ̀nà tó tẹ́jú, kẹ́kẹ́ á pa. Ṣùgbọ́n bí táyà bá ti gun òkúta kékeré, tàbí tó bọ́ sójú gọ́tà tó wà lẹ́nu àdúgbò wọn, nǹkan kan á dún lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì: kò, kò. Awakọ̀ àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé ilé kejì, jókòó sórí àga rẹ̀ níta bó ṣe ń kọjá.

Ó ní, "Àbígbẹ̀yìn, ọkọ̀ yín ń kanlẹ̀kùn o. Ẹ dá a lóhùn, kí àlejò má bàa bínú lọ."

Àbígbẹ̀yìn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n orí eyín lásán ni ẹ̀rín náà mọ. Ohun tó so mọ́ ariwo yẹn ju ọkọ̀ lọ.

Mẹkáníìkì ni bàbá rẹ̀. Ọdún méjìdínlógójì ló ti fi ṣiṣẹ́ náà nínú ṣẹ́ẹ̀dì tó kọ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilé. Etí Ehoro ni àwọn oníbàárà ń pè é, nítorí ọkọ̀ kì í tíì yà sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ tán tí á ti mọ ohun tó ń ṣe é. Ó lè fi oúnjẹ sílẹ̀ lẹ́nu, kó sáré bọ́ síta, kó dá ọkọ̀ ẹni tí kò mọ̀ rí dúró, kó sì sọ fún onítọ̀hún pé bíréèkì rẹ̀ ti ń jẹ irin. Ṣùgbọ́n láti nǹkan bí ọdún kan, nǹkan ti ń jábọ́ lọ́kàn rẹ̀. Ó da ọ́ìlì inú ọkọ̀ olùkọ́ kan nù, kò rántí bu òmíràn sí i, ẹ́ńjìnnì sì kú mọ́ obìnrin náà lọ́wọ́ lójú títì. Ẹ̀gbọ́n Àbígbẹ̀yìn ọkùnrin, tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní ìlú mìíràn, ló wá bá wọn dọ̀bálẹ̀ fún olùkọ́.

Ọjọ́ náà ni ẹ̀gbọ́n sọ pé ó tó gẹ́ẹ́. Kí wọ́n ti ṣẹ́ẹ̀dì pa, kí Bàbá máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun, níbi tí òun ń gbé ní àjà kẹta. Ó ní kí wọ́n máa sinmi. Àbígbẹ̀yìn bá a jà, ó bẹ̀ ẹ́, ó sunkún. Etí tó ti fi ọdún méjìdínlógójì gbọ́ ẹ́ńjìnnì, kí ni yóò máa gbọ́ ní àjà kẹta? Nígbà tí ẹ̀bẹ̀ pọ̀, ẹ̀gbọ́n rọ̀ díẹ̀.

"Ó dáa. Kí wọ́n ṣe ọkọ̀ tiwọn tí wọ́n ń sọ pé àwọn fẹ́ ṣe yẹn. Ìwọ lè bá wọn ṣe apá kan nítorí orúnkún wọn. Bọ́ọ̀sì ni màá wọ̀ wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Bí ọkọ̀ náà bá rìn láìní àléébù, mi ò ní sọ̀rọ̀ mọ́. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, èmi ni màá wà á padà, Bàbá á sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi."

Ìdí nìyí tí ariwo kò, kò yẹn fi ń dún lókè àyà Àbígbẹ̀yìn.

Aránṣọ ni, ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tó ń lọ láràárọ̀, ṣùgbọ́n inú ṣẹ́ẹ̀dì bàbá rẹ̀ ló dàgbà sí, ó sì mọ sípánà lò. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, bó ṣe ti ṣọ́ọ̀bù dé, ó fi jáàkì gbé ọkọ̀, ó yọ táyà ọ̀tún, apá tirẹ̀. Bó ṣe ń wá àléébù náà ló ń gbàdúrà pé kó jẹ́ tòun. Aránṣọ tó dì í lódì, kí ni ẹnikẹ́ni yóò sọ sí i? Ó wo ẹnu sípíríǹgì, ó wọnú àyè rẹ̀ dáadáa. Ó fi sípánà kan àwọn bóòtì ìsàlẹ̀, ó mi ọ̀pá irin tó so ẹsẹ̀ ọkọ̀ pọ̀, ó tún wo bíréèkì. Gbogbo wọn dúró gbagidi. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ó ń wo iṣẹ́ tí kò ní àbùkù, ìbànújẹ́ sì dé bá a bí ẹni tó pàdánù nǹkan.

Lọ́jọ́ kejì ó yọ táyà òsì. Níbẹ̀, ọ̀dà pupa ló kí i.

Ìyá wọn fẹ́ràn láti máa kun èékánná. Nígbà tó kú, lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, ìgò ọ̀dà èékánná mọ́kànlá ló kù lórí tábìlì rẹ̀, pupa ni gbogbo wọn. Bàbá kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó wọn dànù. Ó gbé ọ̀kan sínú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, láti ìgbà náà ni kò sì sí nọ́ọ̀tì tó dì tí kò kùn. Á fa ìlà tínínrín kan láti orí nọ́ọ̀tì bọ́ sára irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí nọ́ọ̀tì bá yí lọ́jọ́ kan, ìlà á ya, ojú á sì rí i. Òfin kan ṣoṣo ló fi lé e: ọ̀dà kì í ṣáájú sípánà. Ẹni tó bá dì í ló ń kùn ún, ìgbà tó bá sì dì í tán ni. Ní ilé yẹn, ẹnikẹ́ni kì í tún fi sípánà kan nọ́ọ̀tì tó bá ti ní àmì pupa ti Bàbá. Bí ìgbà tí èèyàn pè é ní onírọ́ lójú ni.

Àbígbẹ̀yìn wo àwọn ìlà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wo ti òkè. Kò sí èyí tó ya. Ó dá táyà padà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹ̀bi ru ẹni tó ta ṣọ́ọ̀kì fún wọn.

Ohun tí kò yé e ni Bàbá. Gbogbo ọ̀sẹ̀ náà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni Bàbá jókòó sí, tó ń ṣí ìwé ìròyìn kan láìkà á. Nígbà tí Àbígbẹ̀yìn ní kó bá òun jókòó sínú ọkọ̀ kó gbọ́ ariwo náà, Bàbá ní orí ń fọ́ òun. Lọ́jọ́ kejì, ó ní oorun ń kun òun. Etí Ehoro, tó máa ń lé ariwo ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ dé ìkòríta.

Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, awakọ̀ àgbà ilé kejì fi àga rẹ̀ sílẹ̀, ó wọlé wá. Ó ní ariwo ò ṣeé fojú wá, ọwọ́ la fi ń wá a. Òun á máa fi gbogbo ara òun tẹ imú ọkọ̀ mọ́lẹ̀, kí Àbígbẹ̀yìn gbé ìka lé orí ṣọ́ọ̀kì lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀tún. Ọkọ̀ ń lọ sókè sódò, irin náà sì dákẹ́ lábẹ́ ìka rẹ̀ bí ọmọ tó ti sùn lọ. Wọ́n bọ́ sí òsì. Bí àgbà náà ṣe tẹ̀ ẹ́ báyìí, nǹkan kan ta ìka rẹ̀. Kò. Ó gbé ìka kúrò, ó tún gbé e padà. Kò.

Awakọ̀ àgbà wo ojú rẹ̀. Ó ní òun gbé omi kaná o, kó má gbẹ, ó sì lọ. Bẹ́ẹ̀ gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé omi tútù ló fi ń wẹ̀.

Nọ́ọ̀tì ńlá àárín, èyí tó di orí ṣọ́ọ̀kì mú, ni. Ìlà pupa wà lórí rẹ̀, ó gún régé. Àbígbẹ̀yìn gbé sípánà lé e, ó fà á. Ó yí. Ó yí po lẹ́ẹ̀kan, ó yí po lẹ́ẹ̀kejì, ó tún yí dé ìlàjì kó tó mú irin. Irú nọ́ọ̀tì yẹn ní òrùka rọ́bà nínú tó máa ń di ọ̀pá mú. Ibi tí èèyàn bá fi í sí, ibẹ̀ ló máa ń wà. Ìdí nìyẹn tí ìlà kò fi ya. Nọ́ọ̀tì náà kò tú. Ẹnikẹ́ni kò dì í rí ni.

Ó wá rántí ọjọ́ Àìkú. Bàbá dúró níbẹ̀ yẹn gan-an, sípánà lọ́wọ́ kan, ìgò ọ̀dà lọ́wọ́ kejì, ó ń wo ìgò náà. Lẹ́yìn náà ló bi í pé, "Ṣé ìyá yín ti jí?" Ìyá wọn máa ń sùn lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú. Àbígbẹ̀yìn kò mọ èsì tí kò ní dun ẹnì kankan. Ó dáhùn pé, "Wọn ò tíì jí, Bàbá." Bàbá mi orí, ó gbé sípánà sílẹ̀, ó ṣí ìgò, ó kun nọ́ọ̀tì.

Àbígbẹ̀yìn dì í títí ọwọ́ rẹ̀ fi ro ó. Ìlà àtijọ́ ti ya, ìdajì rẹ̀ ti kọjú síbòmíràn. Ó wá ìgò ọ̀dà nínú àpótí irinṣẹ́, kò sí níbẹ̀. Ó wọlé. Bàbá wà létí ibùsùn, ìgò náà wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Ó ní, "Bàbá, mo ti rí i. Apá tèmi ni. Mi ò di nọ́ọ̀tì òkè dáadáa."

"Apá ọ̀tún."

"Ọ̀tún ni, Bàbá."

"O ò mọ irọ́ pa, Àbígbẹ̀yìn. Ìyá rẹ náà ò mọ̀ ọ́n." Bàbá yí ìgò náà padà ní ọwọ́ rẹ̀. "Òsì ni. O ò tíì wà á dé ibi gọ́tà lọ́jọ́ Ajé tí mo ti gbọ́ ọ."

Àbígbẹ̀yìn bi í pé kí ló dé tí kò sọ.

"Nígbà tí o lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo rí àmì mi, ó pé. Mo gbé sípánà lé e. Mi ò lè fà á."

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ẹ̀rù ń bà mí pé á yí."

Àbígbẹ̀yìn jókòó tì í. Lẹ́yìn náà, Bàbá bi í pé ta ló dì í báyìí. Ó ní òun ni. Bàbá na ìgò ọ̀dà sí i.

"Ẹni tó dì í ló ń kùn ún."

Ó lọ kùn ún. Ìlà náà wọ́.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé. Ó wa ọkọ̀ náà yí àdúgbò ká, Bàbá níwájú, Àbígbẹ̀yìn lẹ́yìn. Ó mọ̀ọ́mọ̀ gba ojú gọ́tà lẹ́ẹ̀mejì. Ọkọ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Nígbà tí wọ́n padà dé ilé, ojú ẹ̀gbọ́n ti tú ká. Ó hàn pé òun náà kò fẹ́ borí. Ó ní, "Bàbá, ẹnu mi wọlẹ̀. Ọwọ́ yín ṣì wà níbẹ̀."

Àbígbẹ̀yìn tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó ti pinnu pé òun kò ní sọ̀rọ̀. Bí Bàbá náà kò bá sọ̀rọ̀, ó parí.

Bàbá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. "Wo ìlà yìí. Ó wọ́. Ṣé ọwọ́ mi nìyẹn?"

Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ wò ó.

"Àbúrò rẹ ló dì í, lánàá. Èmi kùn ún, mi ò dì í."

Ẹ̀gbọ́n ní, "Nọ́ọ̀tì kan péré ni, Bàbá."

"Ti ọkọ̀ tèmi ni. Lọ́la, ó lè jẹ́ ti ọkọ̀ tó gbé ọmọ ọlọ́mọ." Ó rọra sọ bọ́nẹ́ẹ̀tì kalẹ̀, ó sì fi ọwọ́ nu ibi tí ìka rẹ̀ ti ta epo sí i. "Jẹ́ ká lọ lọ́la. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán."

Àpò kan ni Bàbá dì. Ó fún Àbígbẹ̀yìn ní kọ́kọ́rọ́ ṣẹ́ẹ̀dì, ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ta irinṣẹ́ òun, òun ò tíì kú. Ìgò ọ̀dà méjì ló kù nínú mọ́kànlá. Ó mú ọ̀kan sápò, ó fi ọ̀kan sílẹ̀ lórí tábìlì ìyá wọn.

Àsìkò tí ìyá wọn máa ń sùn ni wọ́n lọ. Àbígbẹ̀yìn dúró lẹ́nu géètì. Awakọ̀ àgbà dìde lórí àga rẹ̀, ó bọ́ fìlà. Ọkọ̀ náà dé ẹnu àdúgbò, táyà iwájú bọ́ sójú gọ́tà, ti ẹ̀yìn tẹ̀ lé e. Àbígbẹ̀yìn ti fetí sílẹ̀ kó tó mọ̀ pé òun ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dúró títí eruku fi lọ sílẹ̀. Ọkọ̀ náà kò kan ilẹ̀kùn kankan.